Ọ̀kọ̀ Tí Hámbì Fi Sílẹ̀

Ọkọ mi fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó fi ọ̀kọ̀ kún un.
Ọkọ̀ ń jò. Ọ̀kọ̀ ṣì mú.
Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ lójú òkun,
mo ti wà lẹ́nu odò Liopẹ́tírì,
èmi Tasúlà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
mò ń fi itọ́ nu gíláàsì ojú mi,
àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín pé ìyá àgbà fẹ́ di ẹja.

Òun nìyẹn nísàlẹ̀, lábẹ́ àpáta.
Ó na apá bí ẹni ń sá aṣọ,
ìlà pupa, ìlà funfun, ìlà pupa,
ẹ̀gún méjìdínlógún tí oró sùn sínú wọn.
Kò sá. Ta ni yóò sá fún?
Bí mo ti ń sún mọ́ ọn, ó yíjú sí mi
bí onílé tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Eléyìí ríran jù wá lọ.
Ó mọ ihò tí ọmọ ẹja ń sá sí,
ó mọ wákàtí tí edé ń jáde.
Á ya ìyẹ́ rẹ̀ bí àwọ̀n, á rọra tì wọ́n sí kọ̀rọ̀,
jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń da ọmọ wọlé lálẹ́.
Wọn ò bẹ̀rù: ìyá wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún wọn rí.
Ẹnu á là lójijì. Ó tán.

Hámbì máa ń sọ pé Súẹ́sì ló fà á,
pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọlé.
Ṣùgbọ́n ògiri yẹn kò dédé lanu.
Ṣọ́bìrì ló là á.
Wọ́n la ilẹ̀ sí méjì kí ọkọ̀ ńlá má baà rìn jìnnà;
omi tẹ̀lé ọkọ̀, ẹja tẹ̀lé omi.
Òkun tiwa náà wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́dọọdún
bí omi tí wọ́n gbé kaná tí wọ́n gbàgbé.
Ẹja àpáta ńlá tó lè gbé e mì ńkọ́?
A ti jẹ ẹ́ tán. Mo wà níbẹ̀.
Èmi ni mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí.

Àwọn ọmọkùnrin ilé oúnjẹ Stavrí ń pariwo:
"Àjèjì! Kó padà síbi tó ti wá!"
Mo máa ń dákẹ́.
Ní ọdún 1974, mo dé etí odò yìí pẹ̀lú páálí kan,
kọ́kọ́rọ́ ilé wa ní Famagústà nínú bàtà mi.
Ìyá kan ní ká má fọwọ́ kan kànga òun.
Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "padà" ti ń há mi lọ́fun.
Níbo ni ẹja yìí fẹ́ padà sí?
Ibí ni wọ́n bí i sí.

Síbẹ̀, mo gún un.
Mi ò ní purọ́. Mo gún un lẹ́yìn orí,
ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ìlà rẹ̀ sì ṣá.
Mẹ́tàlá lónìí.
Kó tó di Ọjọ́rú, abo kan á ti tú ẹyin rẹ̀ sómi,
ẹgbẹẹgbẹ̀rún, rọ̀bọ̀tọ̀ bí ọṣẹ tó hó.
Ṣíbí ni mo fi ń gbọ́n òkun.

Lọ́dún tó kọjá, ó ta mí ní àtàǹpàkò.
Mo ké títí orúkọ òkú fi jáde lẹ́nu mi.
Mírofóra, ọmọ ọmọ mi, ló fi ọwọ́ mi sínú omi gbígbóná
tó fẹ́ fi se makaróní.
Lónìí, òun náà ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀gún dànù,
ó ń fi imú kọrin.
Ẹran rẹ̀ funfun, ó dùn, kò ṣòro jẹ.

Ológbò mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Méjì ti bu orí jẹ.
Arúgbó inú wọn gbóòórùn ìrù náà,
ó wo ojú mi,
ó tún gbóòórùn rẹ̀.